Ìbéèrè àti ìdáhùn: bí ímeèlì àjọ aláàánú ṣe lè máa dé inú inbox, kì í ṣe inú spam

Èmi ni mo ń bójú tó ímeèlì àjọ aláàánú kan ní Garki, iṣẹ́ tí mo bọ́ sí nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ṣe é. Láti ìgbà náà ni àwọn akọ̀wé àjọ mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Àbújá, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì, ti ń bi mí ní ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo to àwọn tí ó ṣe pàtàkì jù síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú.

Kí ló fà á tí ètò tí a fi ń ránṣẹ́ fi ń sọ pé gbogbo ímeèlì wa ti dé, tí àwọn olùrànlọ́wọ́ wa sì ń sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan?

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Nígbà tí ètò yín bá kọ ọ́ pé ímeèlì kan "ti dé", ohun tí ó ń sọ ni pé server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń gba lẹ́tà fún ẹni náà, ti gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe nínú ilé. Inú ilé yẹn ni Gmail, Yahoo tàbí Outlook ti ń pinnu bóyá inbox ni yóò bọ́ sí, tàbí abala Promotions, tàbí àpótí spam tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí àfi nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan tí ó sọnù. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti mọ̀ ni kí ẹ ṣí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi wọ́n sínú àkójọ àdírẹ́sì yín, kí ẹ sì máa wo ibi tí lẹ́tà yín bọ́ sí nígbàkúùgbà tí ẹ bá ránṣẹ́. Kò lè fi gbogbo òtítọ́ hàn yín, nítorí ìwà ẹni tí ó ń gba lẹ́tà wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó pinnu, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ máa méfò lọ.

Ṣé nítorí pé Nàìjíríà ni a wà ni wọ́n fi ń ju lẹ́tà wa sí spam?

Èyí ni ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù, inú ẹni tí ó bi mí kì í sì í dùn sí ìdáhùn mi, nítorí pé rárá ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Server tí ó ń gba lẹ́tà kò rí Wuse tàbí Gwarinpa. Àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ server tí ó gbé lẹ́tà náà wá, ni ó ń rí, pẹ̀lú dómeènì tí ó wà lára rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí ó tẹ̀lé @, àti irú orúkọ tí àwọn méjèèjì ti ní láti ẹ̀yìn wá. Bí ẹ bá ń lo Google Workspace tàbí Microsoft 365, IP ti Google tàbí ti Microsoft ni ó ń rí, ìbáà jẹ́ Lọ́kọ́ja ni ẹ jókòó sí, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ohun tí ó sábà máa ń kó bá wa ni hosting olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ àjọ kékeré máa ń ra ààyè fún ìkànnì wọn, wọ́n sì ń lo ímeèlì tí ó bá a wá, láìmọ̀ pé orí server kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì mìíràn ti ń ránṣẹ́ jáde. Bí ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò yẹn bá ń fọ́n ìpolówó jìbìtì káàkiri, IP tí ẹ jọ ń lò ni ó ń bàjẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn gba yàrá nínú ilé tí ọlọ́pàá ti ń wá ayálégbé mìíràn. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ìkànnì wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé ímeèlì kúrò lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ímeèlì gan-an jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Google àti Microsoft ní ètò pàtàkì fún àwọn àjọ tí kò wá èrè, ó sì tọ́ kí ẹ béèrè bóyá àjọ yín yẹ fún un kí ẹ tó san owó kankan.

Èdè tí a fi ń kọ̀wé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gígùn ní orúkọ Ọlọ́run, tí ó dárúkọ owó dọ́là rẹpẹtẹ, tí ó sì parí sí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì, jọ lẹ́tà oníjìbìtì lójú ẹ̀rọ, bí ọkàn ẹni tí ó kọ ọ́ tilẹ̀ mọ́. Ohun kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé abala 419 tí wọ́n fi ń bú wa kárí ayé, inú Criminal Code tí ìhà Gúúsù ń lò ni ó wà. Penal Code ni a ń lò ní Àríwá àti ní Àbújá níbí.

Gmail ọ̀fẹ́ ni àjọ wa ń lò láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Ṣé ó burú ni?

Kò burú fún lẹ́tà tí ẹnì kan ń kọ sí ẹnì kan. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkáǹtì Gmail ọ̀fẹ́ kò lè ránṣẹ́ sí ju ènìyàn 500 lọ láàárín ọjọ́ kan, bí ẹ bá sì gbé àdírẹ́sì Gmail tàbí Yahoo yín lọ sínú ètò ìfiránṣẹ́ mìíràn, ètò náà kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ní orúkọ Google tàbí Yahoo. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti kéde fún gbogbo server pé kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní ti yahoo.com láìgba ọ̀dọ̀ Yahoo wá.

Ẹ ra dómeènì ti ara yín, yálà .org tàbí .org.ng. Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ àjọ, pẹ̀lú àdírẹ́sì tí ó ju ẹnì kan lọ nínú àwọn trustee tí ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC ti lè wọlé, kì í ṣe ní orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá yín ṣe ìkànnì. Mo mọ àjọ kan tí ó pàdánù gbogbo ímeèlì rẹ̀ nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kó lọ sí Kánádà, kò gbé fóònù mọ́, dómeènì náà sì ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé owó ọdún rẹ̀ ti tó san.

Kí ni SPF, DKIM àti DMARC tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ?

Àkọsílẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n, tí ẹ óò kọ sínú DNS, ìyẹn ìwé nípa dómeènì yín tí server èyíkéyìí lágbàáyé lè kà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí wọ́n dá ímeèlì sílẹ̀, kò sí ohun tí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ orúkọ tí ó bá wù ú sí ẹ̀yìn lẹ́tà.

SPF ni ìwé orúkọ àwọn ìránṣẹ́. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ẹnu géètì ẹ̀sítéètì kan ní Lugbe: ẹnì kan dé, ó ní àjọ yín ni ó rán òun. Ẹ̀ṣọ́ géètì yóò ka ìwé tí ẹ ti lẹ̀ síta, tí ó sọ pé server báyìí àti server báyìí nìkan ni àwa ń rán níṣẹ́, yóò sì mọ̀ bóyá irọ́ ni ó ń pa. Níbí ni mo ti rí àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Bí àjọ bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò tuntun kan, ètò náà á ní kí wọ́n fi ìlà SPF kan sí DNS, akọ̀wé á sì fi ìlà kejì sí abẹ́ ti àkọ́kọ́. Dómeènì kan kò gbọdọ̀ ní ju àkọsílẹ̀ SPF kan lọ. Bí ó bá di méjì, àwọn méjèèjì ti di asán nìyẹn. Inú ìlà kan ṣoṣo yẹn ni ẹ óò ti máa dárúkọ gbogbo àwọn tí ẹ rán, iye ìgbà tí ìlà náà yóò sì rán ẹni tí ó ń kà á lọ wo ìwé mìíràn kò gbọdọ̀ ju 10 lọ.

DKIM dà bí àrokò. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n rán láti ìlú kan sí òmíràn máa ń mú àrokò dání, owó ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ tàbí ohun mìíràn tí ẹni tí ó gbà á yóò wò, tí yóò sì mọ ẹni tí ó rán an àti ohun tí ó ní lọ́kàn. Server yín ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ó fi ń ṣe àmì sí ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́rọ́ kejì tí wọ́n fi ń yẹ àmì náà wò sì wà ní gbangba nínú DNS yín. Bí ẹnì kan bá yí ọ̀rọ̀ kan padà lójú ọ̀nà, àmì náà kò ní bára mu mọ́. Bí ètò yín bá fún yín láyè láti yan, ẹ yan kọ́kọ́rọ́ 2048-bit. Bí olùrànlọ́wọ́ yín bá ní kí Yahoo òun máa darí lẹ́tà lọ sí Gmail òun, SPF sábà máa ń kùnà níbẹ̀, nítorí server tí ó gbé e dé Gmail kò sí nínú ìwé yín. Àmì DKIM ni ó máa ń yè é.

DMARC ni ó so méjèèjì mọ́ orúkọ tí ènìyàn ń fi ojú rí. Ó béèrè pé kí dómeènì tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí bá èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "From" mu, ó sì sọ ohun tí kí wọ́n ṣe fún lẹ́tà tí kò bá bá a mu: p=none túmọ̀ sí pé kí wọ́n ṣáà máa wò ó, p=quarantine pé kí wọ́n gbé e sí spam, p=reject pé kí wọ́n lé e padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú none, kí ẹ fi àdírẹ́sì kan sí i tí wọn yóò máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì ka ìròyìn náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹnu lè yà yín sí iye ibi tí ímeèlì ti ń jáde ní orúkọ yín: fọ́ọ̀mù orí ìkànnì, ètò tí ẹ fi ń gba ìtọrẹ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ń fi ìwé ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti ní ẹ̀rí ni kí ẹ tó lọ sí quarantine àti reject.

Àjọ kékeré ni wá. Ṣé òfin tuntun Google àti Yahoo kàn wá?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n kéde rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2024. Microsoft gbé irú rẹ̀ jáde fún Outlook ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Àwọn tí ó ń rán 5,000 lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ sí àkáǹtì Gmail gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC pọ̀. Ẹ lè ní pé ẹ kò lè dé 5,000 láéláé, ṣùgbọ́n Google ń ka gbogbo ohun tí ó bá jáde láti orí dómeènì kan pọ̀, ẹni tí ó bá sì dé iye náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti di afiránṣẹ́ ńlá lójú wọn títí láé. Kódà ẹni tí kò dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán SPF tàbí DKIM.

Ohun tí ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ni ìwọ̀n ẹ̀sùn. Google fẹ́ kí iye àwọn tí ń tẹ bọ́tìnì spam sí lẹ́tà yín wà lábẹ́ 0.10%, kí ó má sì dé 0.30% rárá. Ẹ fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀: bí lẹ́tà 1,000 bá dé inbox, ènìyàn mẹ́ta péré tí inú ń bí ti tó láti gbé yín dé ojú ààlà.

Níbo ni ó tọ́ kí a ti gba àdírẹ́sì àwọn ènìyàn?

Lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn ni, nígbà tí wọ́n mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Gbólóhùn yìí rọrùn, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wa ń rú. Ẹnì kan á gba ìwé orúkọ àwọn tí ó wá sí àpérò kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Central Area, ẹlòmíràn á ṣa àdírẹ́sì nínú WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹnì kẹta á ra "ímeèlì 50,000 àwọn olówó Àbújá" lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Inú irú àkójọ tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì ìdẹkùn sábà máa ń wà, èyí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ láti mú ẹni tí ó bá kọ̀wé sí i láìgba àṣẹ.

Èmi náà ti jìn sí ọ̀fìn kan rí. Lẹ́yìn ayẹyẹ ìkówójọ wa, mo jókòó, mo tẹ àdírẹ́sì gbogbo àwọn tí ó kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àárín ìlù àti oúnjẹ ni wọ́n ti kọ wọ́n; n ẹlòmíràn kò yàtọ̀ sí u, "gmail" di "gmial", àwọn kan sì kọ ti ẹlòmíràn nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a yọ wọ́n lẹ́nu. Èyí tí ó padà wá nínú lẹ́tà yẹn pọ̀ débi pé ètò tí a ń lò ti àkáǹtì wa pa. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fún wa ní àdírẹ́sì yóò kọ́kọ́ gba lẹ́tà kúkúrú kan tí ó ní kí ó tẹ líǹkì láti fi hàn pé òun ni, bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́, a kì í kọ̀wé sí i mọ́. Àkójọ wa kéré sí i, àwọn tí ó ń kà wá sì pọ̀ sí i.

Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà, NDPA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbàkúùgbà, Àbújá níbí sì ni olú-ilé-iṣẹ́ NDPC tí ó ń bójú tó o wà.

Àkójọ wa ti pẹ́ gan-an. Ṣé kí a ṣáà máa kọ̀wé sí gbogbo wọn?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́, nítorí náà àdírẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ lánàá lè ti kú lónìí. Bí lẹ́tà bá padà pẹ̀lú nọ́ńbà 550 5.1.1, àdírẹ́sì náà kò sí, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 5.7.26, ẹ̀rí tiyín ni kò pé. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, server yín yóò sì tún gbìyànjú fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò ṣí lẹ́tà yín láti ọdún kan, ẹ kọ lẹ́tà kan sí wọn láti béèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́. Ẹni tí kò bá dáhùn ti dáhùn.

Bí a bá fi bọ́tìnì "yọ orúkọ mi kúrò" sí i, ṣé àwọn ènìyàn kò ní lọ tán?

Ẹni tí ó fẹ́ lọ tí kò rí ọ̀nà yóò tẹ bọ́tìnì spam, ìyẹn sì burú fún yín ju kí ó lọ jẹ́ẹ́. Google àti Yahoo ní kí afiránṣẹ́ ńlá jẹ́ kí ènìyàn lè yọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú títẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ṣe é láàárín ọjọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jẹ́ tiwa. Àgbà kan tí ó jẹ́ àna alága àjọ kò ní yọ orúkọ rẹ̀ láé, nítorí pé ojú ń tì í. Yóò máa pa lẹ́tà yín rẹ́ láìkà wọ́n, ọdún á sì gorí ọdún. Ìwà yẹn náà ń sọ fún Gmail pé lẹ́tà yín kò wúlò. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ní Yorùbá, pé kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó lọ, a sì pa ìkìlọ̀ tí ètò wa máa ń fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé nígbà tí ẹnì kan bá yọ orúkọ rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni kí a yẹra fún, ṣé a sì lè fi fláyà ránṣẹ́?

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dààmú ara yín. Kò sí ẹni tí yóò ju yín sí spam nítorí pé ẹ kọ "owó". Fláyà ni ìṣòro. Àwòrán tí ẹ ti pín lórí WhatsApp, tí ẹ wá lẹ̀ mọ́ ímeèlì láìsí ọ̀rọ̀ kankan, kò fún ẹ̀rọ ní ohun tí yóò kà, ẹni tí dátà rẹ̀ kéré kò sì ní rí i. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi ìpàdé ní ọ̀rọ̀. Ẹ gbé ìròyìn ọdún tí ó wúwo sí orí ìkànnì, kí ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, líǹkì gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú, nítorí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn èyí tí wọ́n gé kúrú.

Àmì ohùn nínú àkọlé kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí àkójọ orúkọ nínú Excel láìyan UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tí ó mọ àmì ohùn wa, tí ẹ sì tún kó o jáde bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń jẹ́ Bádé lè rí "BÃ¡dÃ©" nínú ìkíni, kò sì sí olùrànlọ́wọ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn sí i.

A ti ra dómeènì tuntun. Ṣé a lè fi kọ lẹ́tà Ràmádáànì tàbí ti oṣù kejìlá sí gbogbo ènìyàn?

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Dómeènì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó ṣàdédé kọ̀wé sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àlejò tí ó ń sáré ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ó kéré tán ṣáájú, pẹ̀lú àwọn tí ó máa ń fèsì sí yín, kí ẹ sì máa fi kún wọn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní a wà nínú àkójọ àwọn tí wọ́n dí lọ́nà. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ wo ìkànnì Spamhaus, àjọ tí ó ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bóyá IP tàbí dómeènì yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ yín. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti jí ọ̀rọ̀ ìwọlé òṣìṣẹ́ kan, tàbí kí ìkànnì WordPress tí wọn kò tún ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ máa ránṣẹ́ lóru láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, kí ẹ fi ẹ̀rí onígbèésẹ̀ méjì sí i. Bí ẹ bá jáde láìtún un ṣe, ẹ óò tún padà síbẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ wa kan sọ pé inú spam ni òun ti rí lẹ́tà wa. Kí ni kí a ní kí ó ṣe?

Kí ó tẹ "Not spam", kí ó fi àdírẹ́sì yín pamọ́ sínú contacts rẹ̀, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó fèsì, kódà bí ó ṣe "ẹ ṣé" lásán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín wo ohun tí ó fà á. Bí ó bá jẹ́ Gmail, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí lẹ́tà náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ó tẹ àmì mẹ́ta (⋮) tí ó wà lápá ọ̀tún, kí ó yan "Show original", kí ó sì ya àwòrán òkè rẹ̀ fún yín. Ẹ óò rí SPF, DKIM àti DMARC níbẹ̀, pẹ̀lú PASS tàbí FAIL lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí FAIL, DNS yín ni kí ẹ padà sí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ PASS, àkójọ àdírẹ́sì yín ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.